Ohun Tí Abọ́dúndé Mọ̀ Nípa Ọkọ̀ Alhája

Irọ́ kọ́ ni Abọ́dúndé pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó fi ń tu ara rẹ̀ nínú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́; ó kàn jẹ́ pé ó mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí ó sọ, ó sì gbé e mì. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rò pé ìyàtọ̀ tó tó nǹkan wà láàárín méjèèjì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Ní ọdún 1989, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ti sọ páàtì ẹ̀ńjìnnì tuntun di ohun tí a kàn ń fi ojú wò, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà ní Òtò. Dàda ni ọ̀kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Abọ́dúndé ni èkejì, ọmọ bíbí Mushin. Baba Yẹ̀kínnì ni ó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni ó sì gbàdúrà òmìnira fún wọn. Wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ra bàtà, èkejì náà ti rí bàtà wọ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ Abọ́dúndé yá ju ti Dàda lọ, gbogbo etí omi ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé kì í gbẹ́kẹ̀ lé píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń há kébù, okùn irin inú ẹ̀ńjìnnì, mọ́ àyè rẹ̀. Ibi tí àwọn yòókù bá ti tẹ ẹsẹ̀ píìnì kan, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ni kí ó yí ẹsẹ̀ méjèèjì po mọ́ra wọn títí irin yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Baba Yẹ̀kínnì a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. "Abọ́dúndé, o tún ti so àgbò Iléyá mọ́lẹ̀! Ṣé kébù máa ń já okùn ni?"

Òfin kan wà létí omi yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì tí mẹkáníìkì kan bá ti dè, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ náà, àfi bí ẹni tó dè é bá dúró níwájú olówó ọkọ̀, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, "Iṣẹ́ yìí ju agbára mi lọ, lágbájá ni mo fà á lé lọ́wọ́." Ẹni tó bá rú òfin náà, kò ní rí ẹni yá a ní sípánà mọ́ láti Òtò títí dé Màkókò.

Nígbà náà ni Alhája Haleemah ra ọkọ̀ kan tí yóò máa kó àwọn oníṣòwò láti Òtò lọ sí Ìkòròdú. Kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé ẹ̀ńjìnnì kọ́ sí ìdí rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ jókòó sí, bíi ti mọ́tò. Ẹsẹ̀ irin kan ni ó yọ jáde lẹ́yìn, tí ó wọ inú omi, ara ẹsẹ̀ náà sì ni abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú wà. Kébù méjì ni ó ń gbé àṣẹ awakọ̀ dé ibi tí jíà wà. Ti òkè wá láti ọwọ́ jíà dé ìdí ẹ̀ńjìnnì. Ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó gba inú rọ́bà kan kọjá, ó sì wọ inú ẹsẹ̀ irin lọ.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ létí omi náà. Mẹkáníìkì tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́.

Dàda ni Baba Yẹ̀kínnì fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́.

"Sùúrù ni irú ẹ̀ńjìnnì yìí ń fẹ́," ni Baba wí. "Abọ́dúndé, má bínú o."

"Èmi kẹ̀? Baba, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ Alhája bá gúnlẹ̀, ohun kan a máa gún un ní àyà bí ẹ̀gún ẹja.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn ẹ̀ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀. Muadh, awakọ̀ Alhája, fò sórí pákó èbúté ní ọ̀sán kan, ó ń fi fìlà nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n Dàda, ó tún ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ o! Mo kàn ní kí n yọ jíà kúrò níwájú sí fírì, ó ṣe 'pù', ó dákẹ́. Ọwọ́ jíà gan-an ti ń le. Àwọn ìyá wọ̀nyí ò sì jẹ́ kí n gbádùn."

"A ò ní dákẹ́!" ni obìnrin kan dáhùn láti inú ọkọ̀. "Muadh, ṣé ká kúkú bọ́ sínú omi ká máa tì í ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dàda náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ ra iwájú orí.

Ó tú kàbùrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fa gírísì sẹ́nu kébù òkè níbi ọwọ́ jíà. Ẹ̀ńjìnnì kò yé kú. Baba Yẹ̀kínnì ì bá bá a wò ó, ṣùgbọ́n oríkèé ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì lè kúrò nílé ní Mushin.

Nígbà tí Dàda gba ọjà páàtì ní Ládìpọ̀ lọ láti wá kọ́ìlì, Abọ́dúndé wọ inú ọkọ̀ náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ wá nǹkan tí òun yóò fi ran ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ó yọ píìnì, ó tú kébù méjèèjì kúrò lára irin tó so wọ́n pọ̀, ó sì fi ọwọ́ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti òkè ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé àdí ni wọ́n fi pa á. Ti ìsàlẹ̀ le bí okùn tí iyọ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Nígbà tí ó fà á, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó tì í, ó kọ̀.

Ó na ọrùn sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì rí i. Rọ́bà ti fà ya níbi tí ó ti ṣẹ́po. Omi iyọ̀ ti wọlé, ó sì ti ń jẹ kébù náà díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Súìṣì kékeré kan wà lára irin tó so kébù méjèèjì pọ̀, tí ń dá iná mànàmáná ẹ̀ńjìnnì dúró fún ìṣẹ́jú akàn, kí jíà lè rí àyè já. Bí kébù bá ti le, súìṣì náà yóò máa rò pé jíà kò tíì já. Kò ní dá iná náà padà, ẹ̀ńjìnnì yóò sì kú. Kàbùrétọ̀ kò ṣẹ̀, kọ́ìlì kò ṣẹ̀. Kí a yọ ẹsẹ̀ irin, kí a pààrọ̀ kébù àti rọ́bà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó dá kébù méjèèjì padà sí àyè wọn. Ó fi píìnì sí i, ó sì jókòó sórí pákó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Dàda dé, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Abọ́dúndé, ó ti sú mi."

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé kọ́! Mo rin gbogbo Ládìpọ̀. Kọ́ìlì mọ́tò ni wọ́n ń kó fún mi, àfi bí ẹni pé mi ò ríran. Ọ̀gbẹ́ni, má bá mi ṣàwàdà. Ìwọ lọwọ́ ẹ yá jù nínú wa. Kí lo rò pé ó ń pa ẹ̀ńjìnnì yìí?"

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n Abọ́dúndé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: kébù ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ adùn wọn lẹ́nu. Ó sì rí ohun tí yóò tẹ̀ lé e: Dàda yóò tún ọkọ̀ náà ṣe, Alhája yóò máa yìn ín, yóò sì di ọ̀gá pátápátá. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá pẹ́ díẹ̀ sí i, bí ó bá sú Dàda tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ fà á kalẹ̀, ta ni yóò fà á lé lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́?

"Tó bá ti jẹ́ fírì ló ti ń kú," ni ó wí, "iná ẹ̀ ló kéré. Gbé iná ẹ̀ sókè díẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Gbìyànjú ẹ̀ wò ná."

Kì í ṣe irọ́. Ẹ̀ńjìnnì tí a bá gbé iná rẹ̀ sókè, tí ó ń yára yí ní fírì pàápàá, kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n jíà rẹ̀ yóò máa fi agbára wọlé, yóò máa hó, etí Alhája kò sì ní gbà á. Abọ́dúndé ti ṣírò gbogbo èyí. Ohun tí kò ṣírò ni pé kébù tó ń le kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọjọ́ tí òun yóò gan pátápátá.

Ẹ̀ńjìnnì kò kú mọ́. Dàda fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ń pariwo sí gbogbo èbúté: "Ẹ wò ó! Ẹ wo ọ̀rẹ́ gidi!"

Lọ́jọ́ kejì, Christianah, ìyàwó Dàda, gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin wá fún un.

"Bàbá Ìbejì ní kí n gbé e fún yín. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ yín ni òun fi sùn."

Abọ́dúndé jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ó rántí pé ó yà á lẹ́nu pé òun rí i jẹ.

Kò pẹ́ tí ariwo náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí Muadh bá ti ti jíà síwájú, ọkọ̀ a ta gìrì, irin a sì dún "gbàgà!" lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò. Alhája Haleemah fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Abọ́dúndé.

"Abọ́dúndé, wọ́n ní ìwọ mọ ẹ̀ńjìnnì yìí. Wá bá mi wò ó, jàre."

"Háà, Alhája! Ọwọ́ Dàda niṣẹ́ wà. Èmi kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Tí òun bá fà á lé mi lọ́wọ́, ìyẹn yàtọ̀."

"Ọmọlúàbí ni ọ́," ni Alhája wí. "Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Ó ṣe àmín.

Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé kò ní àǹfààní àtisọ̀rọ̀. Ìgbà kan wà tí ó tọ Dàda lọ, tí ó sì ya ẹnu.

"Dàda..."

"Kí ni?"

Dàda ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó ń kọ orin ìjọ wọn. Ó gbé ojú sókè, ojú náà mọ́ kedere.

"Kò sí. Mo ní kí o máa rọra ni."

"Ìwọ gan-an ni kí o máa rọra. Ojú ẹ ti wọnú. Ṣé kò sí obìnrin kan nídìí ọ̀rọ̀ yìí báyìí?"

Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ náà ń bọ̀ láti Ìkòròdú, tí ó kún fún èrò, Alhája fúnra rẹ̀ sì jókòó láàárín. Dàda wà níwájú. Ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ariwo náà. Abọ́dúndé dúró lórí pákó èbúté, ó ń wò wọ́n.

Muadh fa jíà sí fírì níbi tí ó ti máa ń fà á. Ó yẹ kí ọkọ̀ dẹwọ́. Kò dẹwọ́.

"Ó kọ̀!" ni Muadh kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, jíà kọ̀, kò já o!"

Ọwọ́ jíà ti wá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kébù ti gan, jíà sì wà níwájú síbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé wọn kò gbé iná sókè ni, ẹ̀ńjìnnì náà ì bá ti kú fúnra rẹ̀ bí ó ti máa ń kú, omi ì bá sì gbé ọkọ̀ wá sí èbúté jẹ́ẹ́jẹ́. Àìsàn àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ààbò rẹ̀. Ìmọ̀ràn Abọ́dúndé ni ó gba ààbò náà lọ.

Ìyá àgbà kan ti na ẹsẹ̀ kan jáde, ó ń múra àtisọ̀ kalẹ̀. Dàda fò dìde, ó fi apá òsì fa ìyá náà padà, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún láti fi ti ọkọ̀ kúrò lára òpó èbúté. Kí Muadh tó rántí láti fi kọ́kọ́rọ́ pa ẹ̀ńjìnnì, ọkọ̀ ti dé ara òpó.

Ohun tí Abọ́dúndé gbọ́ kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìkarahun ìgbín.

Àwọn dókítà gbìyànjú. Àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n rí gbà là ní ọwọ́ ọ̀tún Dàda.

Nígbà tí Dàda kúrò ní ọsibítù, Baba Yẹ̀kínnì fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí Òtò. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà gòkè sórí iyanrìn. Baba ní kí a pe Dàda wá, nítorí ẹni tó dè é ni ó gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń tú u. Dàda dé, báńdéèjì funfun gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, Christianah sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abọ́dúndé kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, àìlọ rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀.

Baba ṣí ìdérí ẹ̀ńjìnnì. Ó tẹjú mọ́ irin tó so kébù méjèèjì pọ̀.

"Dàda, ìwọ lo tú kébù ìsàlẹ̀ yìí wò?"

"Rárá, Baba. Mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Kò sí o, Baba. Ta ni yóò tú u?"

"Muadh, sún mọ́ ibí. Ojú mi kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí lo rí níbí yìí?"

Muadh bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Píìnì ni, Baba. Wọ́n yí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì po mọ́ra..."

Àwọn tí ó ti ń fi píìnì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mélòó kan ni ó pé síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló so àgbò síbí?" ni Baba béèrè. Kò gbé ohùn sókè.

"Baba, mo kàn wò ó ni," ni Abọ́dúndé wí.

"O wò ó. Kí lo rí?"

Abọ́dúndé ń wo iyanrìn.

"Mo ní, kí lo rí?"

"Kébù ló le, Baba. Rọ́bà ti ya."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí Dàda tó bi ẹ́ ni, àbí lẹ́yìn tó bi ẹ́?"

Omi ń na ara rẹ̀ mọ́ etí iyanrìn. Ó dàbí ẹni pé ìyẹn nìkan ni ó ń dún ní gbogbo Èkó.

"Kó tó bi mí ni."

"Yéè!" Alhája Haleemah ká ọwọ́ lé orí. "Ìwọ! Ìwọ tí o sọ fún mi pé o kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni! Èmi sì ṣàdúrà fún ẹ!"

Christianah kò pariwo. Ó kàn ń wo ẹnu Abọ́dúndé, bí ẹni tó ń ronú kan oúnjẹ tó ti gba ibẹ̀ wọlé.

Dàda ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an.

"Abọ́dúndé, ṣé ọkọ̀ yìí lo fẹ́ ni?"

Dàda sún mọ́ ọn.

"Kí ló dé tó ò sọ? Ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣó o mọ nǹkan tí mo bá wọn lọ ṣe? Mo fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn dáadáa, kí n lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ tí mo bá ń fà á lé ẹ lọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ fún Alhája lójú omi. Bi wọ́n."

Alhája yí ojú sí ọ̀sà. "Ó sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "A ò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ̀ fi dé ìdí òpó."

Baba Yẹ̀kínnì na ọwọ́ sí Abọ́dúndé. Abọ́dúndé rò pé ó fẹ́ gbá òun létí, ó sì fẹ́ kí ó gbá òun létí. Ṣùgbọ́n sípánà ọwọ́ rẹ̀ ni Baba gbà.

"Máa lọ sílé," ni Baba wí.

Wọ́n yọ ẹsẹ̀ irin náà, wọ́n fi kébù àti rọ́bà tòkunbọ̀ kan tí Alhája wá rí ní Àpápá sí i. Láti ìgbà náà, jíà ọkọ̀ náà ń wọlé, ó ń jáde, láìsí ariwo. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti kéré tó.

Abọ́dúndé kò rí iṣẹ́ ṣe létí omi mọ́. Ó padà sí Mushin, ó ń tún ẹ̀ńjìnnì ìlọta ṣe. Nígbà tí ó ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní Dàda ti dárí ji òun. Bóyá. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀rí ọkàn ni ìyà tó tóbi jù lọ fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ìyà tó tóbi jù wà lára ẹni tí kò ṣẹ̀, tí ó ń jí lárààárọ̀ láti tún kọ́ bí a ti ń de bọ́tìnì. Bí ọmọ ìyá yín tàbí ọ̀rẹ́ yín bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí yóò rọ̀ yín lọ́rùn, torí ẹ kò mọ ohun tí ìdúró yín ń jẹ lábẹ́ omi.

Dàda kó ẹbí rẹ̀ padà sí Iléṣà nígbà tí ọdún 1990 ń parí lọ. Ọ̀yìngbò ni wọ́n ti wọ mọ́tò. Abọ́dúndé gbọ́, ó sì sáré dé ibẹ̀ ní àárọ̀ náà. Wọ́n ti ń kó ẹrù sókè. Ó gbé àpótí kan nílẹ̀. Christianah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣé," ni ó wí. "A ti rí ẹni bá wa gbé e."

Dàda ti jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìbejì wà lórí itan rẹ̀. Ó rí Abọ́dúndé nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì jáde láti bọ̀ ọ́. Nílẹ̀ yìí, a kì í na ọwọ́ òsì sí ènìyàn. Ẹni tí a bá nà án sí mọ̀ pé a bú òun. Dàda kò ní òmíràn tí yóò nà.

Abọ́dúndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó di ọwọ́ náà mú ṣinṣin. Awakọ̀ fọn fèrè. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Abọ́dúndé sì ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

"Abọ́dúndé," ni Dàda wí, "fi mí sílẹ̀. Mọ́tò ń lọ."